Ta ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọ ìlú yín? Ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ kọ ìtàn ìjọ ìlú rẹ̀

Ìbéèrè àbúrò wa kan rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa sínú ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ fún àjọ̀dún ìlú. Ìlú wa ò tóbi, téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti orí títì dé ọ̀nà odò kò tó ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì mọ́kàndínlógún ni mo kà. Àwọn Áńgílíkà ní àwọn ló kọ́kọ́ dé, àwọn Onítẹ̀bọmi ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti fẹ́ di ìjà. Ọ̀dọ́ kan tún wá sọ fún mi pé gbogbo wọn pátá, ìjà àti owó ló bí wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣíwájú, kí ló sì dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìlú o. Inú mi dùn pé o béèrè kó o tó kọ, torí mo mọ ìlú kan tó jẹ́ pé ìlà kan péré nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, "ìjọ àkọ́kọ́", ló ya ìjọ méjì kúrò lára ara wọn, tí wọn ò jọ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ìlú pọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ló wà nínú ìjọ méjèèjì.

Gbé ìbéèrè yẹn gba ọ̀nà míì. Má bi wọ́n pé ìjọ wo ló kọ́kọ́ dé, bi wọ́n pé "ta ló gbé e wálé, ibo ló sì ti ń bọ̀?" Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kiri àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá tórí ìtàn ìjọ, ìlú tí mo dé tó jẹ́ pé òyìnbó gan-an ló kọ́kọ́ gbàdúrà lórúkọ Jésù níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ọmọ ìlú ni. Ọmọ ìlú tó lọ, tó tún padà wá. Òyìnbó á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á bá èèyàn mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti ń pé jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan, á wá kọ̀wé sí àwọn tó rán an pé òun ti dá ìjọ sílẹ̀. Ìwé tó kọ yẹn ni wọ́n wá ń kà fún wa di òní.

Ọ̀nà ẹrú ni ìgbàgbọ́ kọ́kọ́ gbà wọlé. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n já wọn sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé tí wọ́n sì ti gbàgbọ́, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1839 wọ́n ti ń wá ọ̀nà ilé, wọ́n gba Badagry lọ Abẹ́òkúta, àwọn fúnra wọn ló sì ránṣẹ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n wá fún àwọn ní olùkọ́. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, èèyàn dúdú sì ni bàbá Freeman fúnra ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló jẹ́ òyìnbó. Henry Townsend ti CMS, ìyẹn àwọn Áńgílíkà, dé lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. Wàá rí i pé àríyànjiyàn tó wà nílùú yín yẹn, ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí.

Gbogbo wa la mọ Àjàyí Crowther pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà dúdú àkọ́kọ́ ní 1864, pé òun ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó parí ní 1884. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kó o wò nìyí: 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn, nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, kò tíì pé oṣù kan níbẹ̀ tó fi rí ìyá ẹ̀ tí wọn ò tíì fojú kanra fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1848 ìyá yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rìbọmi ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ló gbé e wálé fún ìyá. Bó ṣe rí ní Abẹ́òkúta náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré tí ẹnikẹ́ni ò kọ ìwé nípa wọn.

Tó bá jẹ́ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà tàbí apá ibẹ̀ yẹn ni ìlú yín wà, ogun Kírìjì ni kó o wò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn kan nínú wọn bá ìgbàgbọ́ pàdé lọ́hùn-ún, nígbà tí ìlẹ̀kùn ilé wá ṣí, wọ́n gbé ìwé ABD àti ìwé orin sínú ẹrù wọn, wọ́n forí lé ilé. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, lẹ́yìn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà ní 1892 ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jọ rọ́ wọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà má gbàgbé láti bi àwọn Mùsùlùmí náà léèrè o, àwọn lè rántí ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ dé ju onígbàgbọ́ lọ.

Ìjọ Àgùdà ńkọ́? Orúkọ yẹn nìkan ti sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Àgùdà là ń pe àwọn èèyàn wa tó ti ìlú Brazil àti Kúbà padà sí Èkó, tí wọ́n ti di Kátólíìkì lọ́hùn-ún. Kí fádà òyìnbó kankan tó wá jókòó sí Èkó ní 1868, ẹrú tó ti gba òmìnira kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, kì í ṣe fádà rárá o, ọmọ ìjọ lásán ni. Orúkọ àwọn yòókù náà ní ohun tó ń sọ. Onítẹ̀bọmi, torí wọ́n á tẹ èèyàn bọ omi pátápátá ni, wọn ò ní wọ́n omi sórí ọmọ ọwọ́. Ìjọ Elétò ni Mẹ́tọ́díìsì, torí ètò ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bi àwọn àgbà ìlú yín léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan nígbà èwe wọn, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, sáínbọ́ọ̀dù ò ní sọ ìyẹn fún ẹ.

Ẹjọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi yẹn, mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí i. Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, dé Badagry ní 1850, ó dé Ìjàyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ogun Ìjàyè wá bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ìrànlọ́wọ́ tó ń ti ọ̀hún bọ̀ gbẹ, àwọn onígbàgbọ́ wa tó wà nílẹ̀ ló di ìjọ náà mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni oníṣòwò wá gbé e kiri. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè ibẹ̀ tó lọ ń tajà ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, àti lókè Ọya, ibi tí wọ́n bá ti pàtẹ ni wọ́n ti ń dá ìjọ sílẹ̀, ẹní títa ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba Gánà sì lé àwọn àjèjì ní 1969, wọ́n di ẹrù wọn wálé pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Torí náà, tó bá jẹ́ agbègbè ibẹ̀ ni ìlú yín, ó ṣeé ṣe dáadáa kí Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀ kí Áńgílíkà tó dé. Má fi orí òfìfo gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ohun tó sì ń fa àríyànjiyàn yẹn ni pé ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kà yàtọ̀ síra. Ìjọ kan á ka ọjọ́ tí àdúrà kọ́kọ́ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òmíì á ka ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rìbọmi, òmíì á ka ọjọ́ tí ọba fún wọn nílẹ̀, ẹlòmíì á kàn lọ ka òkúta ìpìlẹ̀ lára ògiri. Òkúta ìpìlẹ̀ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ jù. "A FI OKUTA YI LELE", láìsí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù, ọdún. Ilé kẹta tàbí ìkẹrin tí ìjọ yẹn kọ́ ni wọ́n gbé òkúta yẹn sí, ilé amọ̀ oníkoríko tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò lókùúta. Nínú ìwé rẹ, kọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn fún ìjọ méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó ń jẹ́, wàá rí i pé ìjà náà á lọọlẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí méjèèjì máa sọ òótọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo jókòó sí ọ́fíìsì ìjọ kan, akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ìrìbọmi àkọ́kọ́ wọn jáde látinú àpótí páànù, ikán ti jẹ gbogbo etí ẹ̀, yíǹkì ti di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n pín in sí ìlà: nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ tẹ́lẹ̀, orúkọ ìrìbọmi, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tó ti wá. Lábẹ́ iṣẹ́, mò ń kà á bọ̀, àgbẹ̀, àgbẹ̀, aláró, àgbẹ̀, ahunṣọ. Aláró yẹn ni nọ́ńbà kẹta, obìnrin, ọjọ́ orí "bi 60". Lábẹ́ ibi tó ti wá, gbogbo àwọn yòókù kọ orúkọ àdúgbò wọn nínú ìlú, òun nìkan ni wọ́n kọ "Ibadan" sí. Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà la rí arúgbó kan ládùúgbò tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àwọn ìyá òun ni, ogun ló gbé e lọ, ó kọ́ aró níbẹ̀, ó kọ́ orin níbẹ̀, ìdí ìkòkò aró ẹ̀ ni àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ orin onígbàgbọ́ nílùú yẹn, wọ́n á wá gba aṣọ, wọ́n á dúró gbọ́. Ìwé ìtàn ìjọ wọn, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, kò dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì kan ni wọ́n pè ní olùdásílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Torí náà ìlà "ibi tó ti wá" yẹn ni kó o kọ́kọ́ wò nínú gbogbo rẹ́jísítà tí wọ́n bá fún ẹ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìjà. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ìjà wà níbẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó pín ní 1888. Ní 1901 àwọn kan jáde kúrò ní St. Paul's Breadfruit l'Ékòó nítorí bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe sí àwọn aṣáájú dúdú, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ní 1917 Mẹ́tọ́díìsì lé àwọn àgbà ìjọ kan torí wọ́n fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, àwọn yẹn ló di United African Methodist Church (UAMC) tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: ṣé dúdú lè darí ìjọ tí òun fi owó òun kọ́, ṣé bàbá tó ti ní ìyàwó mẹ́ta kó tó gbàgbọ́ máa lé méjì jáde pẹ̀lú ọmọ ni? Ọ̀rọ̀ ilé ni, kò sí ìlú tí kò dé. Báwo ni irú ìjọ Èkó bẹ́ẹ̀ ṣe wá dé abúlé? Kòkó ni. J. K. Coker, tó wà lára àwọn aṣáájú African Church, ló ní oko kòkó ńlá nítòsí Agége, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ láti ìlú wọn, nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gbé irúgbìn kòkó dání, wọ́n sì gbé ìjọ dání. Tí African Church bá wà nílùú yín, wo ọdún tí kòkó dé ìlú náà, ó lè jọ bára mu.

Àwọn Aládùúrà ni kó o fún láàyè jù nínú ìwé yẹn, torí àwọn ni wọ́n máa ń kọ ní ìlà méjì. Ní 1918 àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní lùkúlùkú jà, òkú ń sùn, ìjọba ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń gbàdúrà ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Ní St. Saviour's Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Sadare àti olùkọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami kó àwọn èèyàn jọ sí àdúrà ìwòsàn, ní 1922 wọ́n fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ìwòsàn. Ní 1925 l'Ékòó, Moses Orimolade, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Abiodun Akinsowon dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, mo ní ẹgbẹ́ o, torí wọn ò dá a sílẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn á lọ ìjọ ẹ̀ láàárọ̀, á wá gbàdúrà lọ́dọ̀ wọn tó bá yá. Ìjọ tí àwọn èèyàn ń lọ láàárọ̀ yẹn ló kọ̀ wọ́n. Ní 1930, Joseph Ayo Babalola, awakọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì, tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ló dé Òkè-Ooye ní Iléṣà, èrò ti Èkìtì, Àkókó àti ibi gbogbo wá, wọ́n gbé ìgò omi dání kí ó gbàdúrà sí i, wọ́n sì gbé e padà sílé. Ìgò omi yẹn ni ìjọ àkọ́kọ́ nílùú púpọ̀. Àwọn òyìnbó Àpọ́sítélì dé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1931 láti bá ẹgbẹ́ Sadare àti Babalola ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn wa wá rí i pé òyìnbó tó ń wàásù ìwòsàn ń lo kunínì, oògùn ibà, ọ̀rọ̀ yẹn ò tán nílẹ̀ títí wọ́n fi pínyà, Christ Apostolic Church (CAC) sì gba ìwé ìjọba ní 1943. Tó o bá rí The Apostolic Church (TAC) àti CAC nílùú yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kunínì ló wà láàárín wọn. Ní 1947 ni Oschoffa, káfíńtà ní Porto-Novo, dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀, àwọn apẹja Ẹ̀gùn ló sì gbé e gba ojú omi wọ Mákòókò, láti ibẹ̀ ló ti tàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá sọ pé owó ló bí gbogbo wọn ń ṣẹ̀ wọ́n. Awakọ̀ tó ń gba owó oṣù ìjọba, tó jù ú sílẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, owó wo ló ń wá? Àwọn tó ń lo ìjọ jẹun lónìí wà, mi ò ní sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kọ tàwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò nira láti tọpa. Deeper Life bẹ̀rẹ̀ ní 1973 nínú ilé Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ọdún yẹn náà ni ìjọba dá NYSC sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti kọ́pà ló gbé irú ìjọ bẹ́ẹ̀ dé ìgbèríko, kíláàsì ilé ìwé ni wọ́n máa ń yá lọ́jọ́ Àìkú. Ridíìmù ti wà láti 1952, Akindayomi tó dá a sílẹ̀ sì ti wà nínú Kérúbù rí, àwọn sì kọ ọ́ sínú ìlépa wọn gbangba pé kí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn má jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ síra ní gbogbo ìlú. Ìyẹn ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè rẹ nípa mọ́kàndínlógún yẹn.

Kó o tó jókòó kọ̀wé, rìn yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní pápá, ilé ìwé àti ilé àlùfáà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, tí àwọn àgbà ń sọ pé igbó ni tẹ́lẹ̀, ti pẹ́, ìgbà tí ilẹ̀ ṣì wà tí ọba ń fi ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ tọrẹ ni. Èyí tó wà lórí òkè tàbí létí odò, ó jọ ti Aládùúrà. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkẹ́rù kòkó àtijọ́, tuntun ni. Wọ ibi ìsìnkú wọn, ka ojú orórì, wo orúkọ ìdílé tó ń padà jáde, kó o wá lọ sílé àwọn yẹn.

Ilé tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ lọ ni ti ìyá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kọ̀ọ̀kan, má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ páṣítọ̀, ibòmíì ni wọ́n ti gbé páṣítọ̀ wá. Má lọ lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò ní ráyè. Lọ ní ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, jókòó sílẹ̀, gba ohùn wọn sórí fóònù, kó o sì sọ fún wọn pé ò ń gbà á. Má béèrè ọdún. Béèrè orin tí ìyá wọn kọ́kọ́ kọ́ wọn, ọ̀dọ̀ ta ni ìyá wọn ti kọ́ ọ, àti ìlú tí ẹni yẹn ti ń bọ̀.